Ẹ̀rín Bàbá Luned

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rín jẹun gbọ́dọ̀ mọ ilé tí òun ti ń bu ẹ̀rín náà wá. Meurig Prydderch mọ èyí dáadáa lónìí. Ìgbà tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n tó bá dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú, kí ni a óo fi rà?

Ọdún 1968 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Meurig jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọmọ awakùsà láti àwọn àfonífojì gúúsù Wales, tó ti di olùdarí eré apanilẹ́rìn-ín ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Cardiff. Ojú rẹ̀ mú. Bí o bá rìn kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ èwo nínú ẹsẹ̀ rẹ lò ń wọ́. Wọ́n rán an lọ sókè àríwá, sí Nant Rhedyn, abúlé tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ti ń la òkúta pẹlẹbẹ lára òkè fún ìbòrùlé, pé kó lọ wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n lè yà sínú eré.

Ọjọ́ Àìkú ló débẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó sì rí nǹkan méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Èkíní ni àgbàlagbà kan nínú ìjókòó ńlá abẹ́ àga ìwàásù, níbi tí àwọn díákónì ti máa ń kọjú sí ìjọ bí adájọ́. Ithel Bebb lorúkọ rẹ̀. Òun ni adárin, nítorí ọ̀rinrin ti jẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà tipẹ́. Ó yọ irin ohùn jáde nínú àpò, irin ẹlẹ́nu méjì bíi fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń mọ ibi tí orin yóò ti gbéra. Ó gbá a mọ́ orúnkún. Ṣùgbọ́n dípò kó gbé e sétí bí àwọn adárin yòókù, ó há ìdí irin náà mọ́ eyín, ó dijú, ó gbójú sókè bí adìẹ tó mu omi. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu. Ohùn náà gún régé, gbogbo ìjọ sì gùn ún lọ.

Ìkejì ni ọmọbìnrin tó jókòó lọ́wọ́ iwájú, tí kò kọrin, tó ń wo ẹnu àgbàlagbà náà bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń gun igi.

Meurig gbàgbé eré, ó gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì tó wá wò.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè é sídìí tíì àti búrẹ́dì onírésíìnì. Obìnrin kan tó sanra díẹ̀, tó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, gbé àwo síwájú rẹ̀. Nesta ni, àbúrò Ithel Bebb, òun ló ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé. Nesta Lẹ́tà ni gbogbo wọn ń pè é.

"Ẹ̀yin lẹ wá láti Cardiff?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ jẹun. Ẹ ti wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà mọ́kànlá, ẹ ò tíì fọwọ́ kan búrẹ́dì."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ń bínú? Mo kàn ń kà á ni. Luned, wá bu tíì fún àlejò, kó má baà di ìgbà méjìlá."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn. Luned Bebb ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Kì í rẹ́rìn-ín kíákíá, ìyẹn gan-an ló sì mú Meurig, nítorí ẹni tó bá ń ta ẹ̀rín ni ẹ̀rín ọ̀fẹ́ ń sú. Meurig ń kọ lẹ́tà sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ Nesta ni gbogbo lẹ́tà ń gbà kọjá, Nesta kì í sì í já wọn. Ó kàn ń gbé wọn sórí ìwọ̀n.

"Ti ọ̀sẹ̀ yìí wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni yóò wí fún Luned. "Ó ń fẹ́ ẹ ni, àbí ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀?"

Nesta náà ló gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?" ni Bebb béèrè.

"Ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

"Ọ̀bọ náà ń ṣe é. A kì í fọmọ fún un."

"Ọ̀bọ kì í kọ lẹ́tà, Ithel."

Wọ́n jọ pàdé nígbẹ̀yìn, nínú pálọ̀ Bebb. Àgbàlagbà náà fi àlejò jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bọ́ sí i lójú, ó sì tẹjú mọ́ ètè rẹ̀.

"Nígbà tó o bá fẹ́ pa ayé lẹ́rìn-ín, ta lò ń fi ṣe é?"

"Àwọn tí a fọkàn rò ni, sà."

"Wọ́n nílé?"

"Wọn ò nílé, sà."

"Èmi nílé. Má kó o lọ."

"Mi ò ní kó o lọ, sà. Mo ṣèlérí."

Bebb mi orí. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Luned mú un gun òkìtì àfọ́kù òkúta tó wà lẹ́yìn abúlé. Atẹ́gùn ń ja síkáàfù rẹ̀. Ó di ọwọ́ Meurig mú, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Bàbá ò gbọ́ràn mọ́. Ogójì ọdún ló fi tan iná sí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkè. Ẹnu èèyàn ló ń wò. Irin yẹn, eyín ló fi ń gbọ́ ọ, ó ń gba inú egungun wọlé. Èmi àti Àǹtí Nesta la mọ̀. Ìwọ ló ṣe ìkẹta."

"Àwọn ìjọ ò fura?"

"Wọ́n rò pé àṣà rẹ̀ ni. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kó sinmi. Tí Bàbá bá sinmi orin, ohun tó kù níbẹ̀ ò ju kọ́ọ̀tù dúdú lọ."

Inú Meurig dùn lọ́jọ́ náà bíi tẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Kò rántí pé ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú nígbà tí olè bá jà.

* * *

Apá mẹ́fà ni eré tí wọ́n ń ṣe nígbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé e. Apá kẹrin kúrú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù tí wọn ò rí nǹkan fi dí, ọ̀la ni wọ́n sì máa gbà á sórí téèpù níwájú èrò. Gron, òṣèré tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí kó tó la ẹnu, ju ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣé kí n máa jó ni?"

Meurig ń ro tíì. Kò mọ ìgbà tó gbá ṣíbí mọ́ orúnkún. Kò mọ ìgbà tó há a mọ́ eyín, tó dijú, tó gbójú sókè bí adìẹ.

Gron ṣubú lu àga. Akọ̀wé ń nu omijé.

"Kí ni mo rí yẹn?" ni Gron wí. "Ta nìyẹn?"

"Adárin kan ni," ni Meurig dáhùn. Ẹ̀rín wọn ti gbóná sí i lára bí ọtí. "Etí rẹ̀ ti di. Eyín ló fi ń gbọ́ràn."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ kó tó mọ̀ pé òun ló dì í mú. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ lọ́nà ilé pé adárin ẹgbẹ̀rún ló wà ní Wales, ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó fẹ́ jẹun níbi tí kò yẹ kì í ṣaláìrí ṣíbí.

Nant Rhedyn ti gba tíkẹ́ẹ̀tì láti wá wo apá karùn-ún. Ṣùgbọ́n ìpàdé àdúrà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, Nesta bá kọ̀wé sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n bá òun fà á wá sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ti apá kẹrin. Kò wí fún Meurig. Ó fẹ́ kí inú ọkọ ìyàwó ọ̀la dùn lójijì.

Olùdarí eré kì í jókòó sáàárín èrò. Yàrá onígíláàsì lókè ló wà, pẹ̀lú àwòrán kámẹ́rà mẹ́rin níwájú rẹ̀ àti máíìkì tó ń gba inú rẹ̀ pàṣẹ. Kámẹ́rà kẹrin yí ojú sí èrò. Meurig rí kọ́ọ̀tù dúdú. Ó rí gíláàsì Nesta. Ó rí Luned pẹ̀lú síkáàfù àwọ̀ ewé, tó ń wo gbogbo sítúdíò bí ẹni tó wá wo ilé tí yóò gbé.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù kí Gron yọ irin ohùn, kó bẹ̀rẹ̀ eré adárin tí wọ́n fi dí ìṣẹ́jú mẹ́ta náà.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni: ẹ dúró. Wọ́n ti dá eré dúró rí nítorí ilẹ̀kùn tó há. Wọ́n ti dá a dúró nítorí wíìgì tó yẹ̀, àti nítorí Gron tó fẹ́ tọ̀. Meurig wo aago, ó wo kọ́ọ̀tù dúdú, ó tún wo aago. Ó la ẹnu.

"Kámẹ́rà kejì, múra," ló wí. "Lọ."

Gron yọ irin, ó gbójú sókè bí adìẹ. Èrò rẹ́rìn-ín títí àga ń mì. Àwọn ará Nant Rhedyn náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, tí wọ́n ń yí orí díẹ̀díẹ̀ wo Bebb. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kámẹ́rà ńlá ni wọ́n fi Bebb sí. Ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń darí kámẹ́rà nìkan ló ń rí. Kò rí Gron. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ọmọ rẹ̀: Luned ti tẹ orí ba, ó fọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rò pé ẹ̀rín ni.

Gbogbo ilé ti dákẹ́ tán kí Bebb tó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan. Ẹ̀rín náà jìn, ó mọ́, ó jáde bí omi tó ń sàn lábẹ́ òkúta. Èrò gbọ́ ọ, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ na àtàǹpàkò sókè. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ìyẹn? Wúrà ni."

Nídìí tíì lẹ́yìn eré, àwọn ará abúlé ń wo inú ife wọn bí ẹni pé nǹkan já sínú rẹ̀. Bebb nìkan ló dìde wá, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ Meurig mú.

"Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ mọ́ tó báyìí. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀. Wá lọ́jọ́ Àìkú, ká sọ ọ̀rọ̀ yín."

"Ẹ ṣé, sà," ni Meurig wí. Ó wí i.

Luned dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Gé e kúrò."

"Luned, mi ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

"Tá ò bá wá ńkọ́, ì bá dára? Gé e kúrò, Meurig. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n gbé e jáde. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yìí ò ní wí nǹkan kan, mo mọ̀ wọ́n. Ayé tó kù ni mi ò mọ̀."

"Màá gé e."

"Mo gbọ́."

Ó lọ lọ́jọ́ Àìkú náà. Ó jẹ ẹran àgùntàn Bebb, ó tẹríba nígbà tí Bebb gbàdúrà lé òun àti Luned lórí. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n fi òun ṣe. Ní ọjọ́ Ajé ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ gé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni eré náà," ni ọ̀gá wí. "Tó o bá gé e, kí ló kù? Ìdí pàtàkì kan wà ni?"

Meurig wo bàtà ara rẹ̀. "Kò sí, sà," ló wí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn bó ti ń jáde.

Nesta ló wá ròyìn ìyókù fún un, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kóra jọ sí láti wo tẹlifíṣọ̀n. Luned jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti fọkàn balẹ̀ pé wọ́n ti gé e. Gron yọ irin náà. Bebb rí i. Kámẹ́rà kankan kò dí i lójú mọ́. Ó wò ó dópin, ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín?" ló béèrè. Nesta ò lè purọ́ fún un. Bebb mú fìlà rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ṣú. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sáàárín ìjọ, kì í ṣe ní ìjókòó ńlá. Kò sẹ́ni tó gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fi í sínú dúrọ́ọ̀ nílé. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bebb ò kú, nítorí náà ẹ̀sín náà rí àyè gbé.

Lẹ́tà Luned ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Má wá mọ́." Lẹ́yìn àpò ìwé náà, Nesta fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Eléyìí ò wúwo rárá."

* * *

Ọdún méjìlá kọjá. Eré yẹn sọ Meurig di èèyàn ńlá. Ó gba àmì ẹ̀yẹ, ó ra ilé tó kọjú sí òkun, orúkọ rẹ̀ ń kẹ́yìn eré tó ju ogójì lọ. Obìnrin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní òun ò lè gbé pẹ̀lú ẹni tó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín tó wá ń jẹun nílé bí ẹni tó ń retí ọlọ́pàá.

Àṣírí kan wà nínú iṣẹ́ wọn. Níbi tí èrò kò bá ti rẹ́rìn-ín tó, wọ́n máa ń mú ẹ̀rín àtijọ́ láti orí téèpù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Láàárín àwọn ẹ̀rín tí wọ́n kó pa mọ́, ọ̀kan wà tó dára ju gbogbo wọn lọ, ẹ̀rín àgbàlagbà kan tó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Àwọn tó ń gba ohùn sọ ọ́ lórúkọ: Bàbá. "Ọ̀gá, ibí yìí tutù." "Ẹ fi Bàbá síbẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ tí Meurig sọ ọ́, kò lè jẹun alẹ́. Ìgbà kẹwàá, ó ń fi ẹnu kan náà jẹ bísíkíìtì. Ohun tí ojú ń tini láti ṣe, bó bá pẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ló ń dà.

Nígbà ìwọ́wé ọdún 1981 ni káàdì kan dé sórí tábìlì rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́ kó tó kà á.

"Mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá nínú eré yín lálẹ́ Àìkú. Mo dìde lọ wò ó bóyá òun ni. Ó wà lórí àga rẹ̀, ó ń wo iná. Kò rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yẹn. Luned."

Meurig kà á lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá téèpù, ó gba téèpù Bàbá, ó sì sọ fún wọn pé téèpù náà kò ní padà wá mọ́.

Ní Nant Rhedyn, Nesta ló ṣílẹ̀kùn fún un. Irun rẹ̀ ti funfun. Gíláàsì ṣì ń fì lọ́rùn rẹ̀.

"Ìwọ rèé. O ti sanra. Ojú ò tì ọ́?"

"Ó ń tì mí, mà."

"Ó yẹ kó tì ọ́. Wọlé, òtútù ń wọlé ju ìwọ lọ."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Wọ́n ní bójú bá mojú, kí alárinà yẹra. Èmi ti yẹra. Ìwọ lo tutọ́ sójú tó o mọ̀, tó o wá ń dá mi padà sídìí iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì." Ó ti ń wọ kọ́ọ̀tù bó ti ń sọ ọ́. "Àtìgbà wo lo ti ń bọ̀? O jẹun?"

Bebb wà lẹ́bàá iná. Kò lè wo ètè ẹnikẹ́ni mọ́, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tí a bá fẹ́ bá a sọ, a ó fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà sórí òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, irú èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ là láyé àtijọ́. Luned dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlógójì. Kò kí àlejò.

Meurig kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ó mú ẹfun. Ọwọ́ tó ti darí eré ogójì kò mọ bí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: ÈMI NI MO FI ÀṢÍRÍ YÍN FÚN WỌN.

Bebb gbé òkúta náà súnmọ́ ojú. "Mo mọ̀," ló wí. Ó nù ún, ó dá a padà.

Meurig kọ ọ́ pé: MO SỌ PÉ MÀÁ GÉ E. MI Ò GÉ E.

"Luned ti sọ fún mi." Ó tún nù ún.

Meurig tún gba òkúta náà. Ọ̀kan ṣì kù, ọ̀kan tí Luned pàápàá kò mọ̀. Ó lè mú un lọ sílé, kò sẹ́ni tí yóò béèrè. Ẹfun fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ti ń kọ ọ́: MO RÍ YÍN NÍBẸ̀ KÓ TÓ ṢẸLẸ̀. MO LÈ DÁ A DÚRÓ.

Luned ka òkúta náà láti ibi tó wà. Ó yíjú sí ògiri.

Bebb kà á lẹ́ẹ̀kan. Kò nù ún.

"Èyí ni mi ò mọ̀," ló wí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, nítorí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Ọmọkùnrin, kì í ṣe pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́ òkúta, ara wa la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àpáta bá ń bọ̀, ẹni tó bá rí i á pariwo, ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. O rí i. O ò pariwo."

Meurig gbé ẹ̀rọ téèpù tó rù wá sórí tábìlì, ó tọ́ka sí téèpù, ó tọ́ka sí Bebb, ó tọ́ka sí iná: pé kí ó jó o.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Nesta kọ ọ́ sórí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn: Ẹ̀RÍN RẸ.

Bebb ní kí Luned mú irin ohùn wá nínú dúrọ́ọ̀. Ó há ẹnu irin náà mọ́ eyín, ó fi ìdí rẹ̀ ti àpótí tí ohùn ti ń jáde lára ẹ̀rọ, ó sì dijú. Meurig tẹ bọ́tìnnì. Èrò hó, èrò dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà dé, òun nìkan, ó jìn, ó mọ́.

"Tún un ṣe," ni Bebb wí láàárín eyín.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ṣe é. Ó yọ irin kúrò lẹ́nu.

"Ẹ̀rín tó dára ni," ló wí. "Ìyẹn ló dùn mí jù. Má jó o." Ó na òkúta pẹlẹbẹ náà sí Luned pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀. "Fi í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá wọlé, kó kà á."

* * *

Oṣù márùn-ún gbáko ni òkúta náà fi wà níbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan ni Meurig ń wakọ̀ gòkè wá láti Cardiff, tó ń ro ọgbà Bebb, tó ń gé igi ìdáná, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kí wọ́n tó kí i. Kò béèrè nǹkan kan. Ní oṣù kejì, Luned tẹ̀ lé e gun òkìtì àfọ́kù òkúta.

"Kí lo wá gbà?"

"Mi ò wá gba nǹkan kan."

"Má tún purọ́ fún mi lórí òkìtì yìí."

"O mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni."

Luned ṣa òkúta kan, ó jù ú, wọ́n jọ ń gbọ́ bó ti ń yí lọ. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Mo sì fẹ́ ẹ. Mo ti gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n Àǹtí lọ́dún méjìlá, èkíní ò gbé èkejì nílẹ̀. Tí mo bá máa lọ́kọ, Bàbá ló máa dá orin ọjọ́ náà. Kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìwọ lo gbà á lẹ́nu Bàbá. Ìwọ ni kó o lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ."

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń dìde sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Meurig dìde níwájú èèyàn mọ́kànlélógún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ṣíbí títí dé orí téèpù. Nígbà tó parí, Huw alápatà gbé orí sókè.

"Ìbéèrè kan. Ṣé kámẹ́rà wà níbì kan ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́, ó sì korò, Meurig sì dúró sáàárín rẹ̀ bí ẹni tó dúró sínú òjò tó mọ̀ pé òun ló tọ́ sí. Nígbà tó dá, Huw tún wí pé: "Ó dáa. Kí Bebb dá orin. Ta ló ní kó má dá a?"

Wọ́n ṣègbéyàwó ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù kẹrin. Kí wọ́n tó kúrò nílé, Bebb yọ òkúta ẹnu ọ̀nà náà, ó mú ẹfun. Meurig rò pé yóò nù ún. Kò nù ún. Ó yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà orin sí, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ abíyá.

Ó dúró nínú ìjókòó ńlá. Ó gbá irin mọ́ orúnkún, ó há a mọ́ eyín, ó dijú, ó gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó wo ẹnìkejì rẹ̀. Ohùn jáde, ṣùgbọ́n ọdún méjìlá kì í ṣe eré: ó gbé e ga jù, ó ga débi tí kò sí ẹ̀dá tó lè kọ ọ́ délẹ̀. Gbogbo ìjọ gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Iṣan ọrùn Huw yọ bí okùn. Nesta fi ọwọ́ ti gíláàsì rẹ̀, ó ń kígbe. Wọ́n kọ ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè ibẹ̀, wọn ò bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n dé ìparí. Wọ́n ṣe Àmín, wọ́n sì dákẹ́. Bebb kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é.

Meurig ti ń retí àkókò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ orin. Àmín tirẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó dì í mú. Ojú rẹ̀ wà lára àyà àgbàlagbà náà, ó rí i bó ti ń gba èémí, bó ti ń la ẹnu láti ṣe Àmín tirẹ̀ tó pẹ́. Nígbà náà ni Meurig ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ tirẹ̀ jáde, kí Àmín méjèèjì lè bọ́ papọ̀ sínú ìdákẹ́jẹ́ ilé náà.

Luned, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbọ́ ohùn méjì níbi tó yẹ kí ẹyọ kan dá wà. Kò wo ọkọ rẹ̀. Ó kàn fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú.